Bíríkì yangí àbí búlọ́ọ̀kù fún ilé etí odò Ògùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé bàbá wa wà ní Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta, kò jìnnà sí odò. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri sì ti ń là. A fẹ́ wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sísàlẹ̀, yàrá méjì lókè. Ẹ̀gbọ́n mi ní búlọ́ọ̀kù nìkan ni ká lò, pé omi ló ń jẹ amọ̀. Wọn ò kúkú parọ́. Gbogbo wa la rí ohun tí àgbàrá ṣe lọ́dún 2018.

Èrò tèmi ni pé ká fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ (orúkọ ìlú wa pàápàá sọ pé òkúta ò wọ́n wa), ká gbé e ga kọjá ibi tí omi dé nígbà yẹn. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Lórí ẹ̀, ká to bíríkì yangí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, bí ìdá 5 sí 8 nínú 100. Wọn kì í fi iná sun ún, inú ilé sì máa ń tutù.

Ṣé bíríkì yìí lè gbé dẹ́kìn, àbí òpó kọnkéré ni kó gbé e? Bíríkìlà ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó kó fi gbẹ. Mo rò pé ó yẹ ká máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá sì ti lo ọparun fún àjà, báwo lẹ ṣe lé ikán?