Pélódà mi ń kú lẹ́nu iṣẹ́: ṣé pọ́ǹpù ni àbí wáyà?

Oní-pélódà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Pélódà mi tó ń kó yangí lápá ọ̀nà Ìlọrin ló ń kú lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án ló ń dìde. Tó bá ti ṣiṣẹ́ bíi wákàtí méjì, tí típà ti tò, ohùn ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, kò ní lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa mọ́, ó dákẹ́ nìyẹn. Tó bá sinmi díẹ̀, á dìde, á tún kú. Géèjì ooru kò gòkè, ti ọ́ìlì náà wà níbi tó yẹ kó wà.

Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ fítà dísẹ́ẹ̀lì, kò yí padà. Ó wá ní ká tú pọ́ǹpù ínjẹ́tọ̀ (èyí tó ń fi agbára ti dísẹ́ẹ̀lì wọ ẹ́ńjìnnì) ká gbé e lọ Ìbàdàn. Rewáyà ní rárá, sólẹ́nọ́ìdì ni (ohun tí iná fi ń ṣí ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì tó sì fi ń tì í). Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ṣe méjèèjì. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, kò ní kọ̀ǹpútà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì, Ọ̀yọ́:
Màmá, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ǹpù yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kú ni ká kọ́kọ́ wò. Èyí tí ọ̀rọ̀ iná bá pa kì í kìlọ̀. Á gé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn pa kọ́kọ́rọ́. Èyí tí ebi dísẹ́ẹ̀lì ń pa máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí ẹrù bá wà lọ́rùn rẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń mu dísẹ́ẹ̀lì jù. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, ebi ni.

Ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀: ìdérí táǹkì. Bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, ihò kékeré kan wà lára ìdérí fún iṣẹ́ yẹn. Eruku yangí á pò mọ́ epo tó ta sí i, á dí i pa. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì kò ní tó mọ́, dísẹ́ẹ̀lì á ṣòro fà. Tí ẹ̀rọ bá sinmi, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé, ẹ́ńjìnnì á tún dìde. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, kí ọpirétọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹlòmíràn ṣí ìdérí. Bí ó bá dún "ṣìì", tí ẹ́ńjìnnì sì jí, ẹ ti rí i.

Bí kò bá jí, mo fura sí ìdọ̀tí: àkísà, ọ̀rá, ohunkóhun tó bá kẹ́ẹ̀gì wọ táǹkì. Á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀pá tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, á já bọ́ sísàlẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, fítà tuntun kò lè yanjú rẹ̀, nítorí kí dísẹ́ẹ̀lì tó dé ọ̀dọ̀ fítà ni ìdènà ti wà.

Rewáyà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá, àmọ́ ẹ má tíì lé wa jáde. Sólẹ́nọ́ìdì tó ti ń bàjẹ́ lè gbóná kó ti dísẹ́ẹ̀lì pa, kó tún ṣí i tó bá tutù. Ẹ so mítà tó ń wọn iná mọ́ wáyà rẹ̀, kí ẹ máa wò ó títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. Tó bá jẹ́ bátìrì méjì ni ẹ̀rọ ń lò tí wọ́n so pọ̀ di 24 volt, mítà kò gbọ́dọ̀ já sílẹ̀ gan-an. Tó bá já, ẹ yẹ orí bátìrì, wáyà áàsì (èyí tó so bátìrì mọ́ irin ara ẹ̀rọ) àti fíúsì wò kí ẹ tó ra nǹkan kan. Tí iná bá pé, síbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì gé lójijì, ìgbà yẹn ni kí ẹ bá sólẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀ wí.

Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má já wáyà tó ń pa ẹ́ńjìnnì tí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Wọ́n ń já a káàkiri, ẹ́ńjìnnì ló sì ń bà jẹ́.

Oní-pélódà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọlọ́run á bù kún un yín. Ọpirétọ̀ mi ti ṣe é. Ó dún "ṣìì" lóòótọ́, ohùn ẹ́ńjìnnì padà, ó sì kún típà tó wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó tú ìsàlẹ̀ fítà, omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa. Ó ní kí òun kúkú máa ṣí ìdérí sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣé kò léwu?

Ọpirétọ̀ àgbà, Ọ̀yọ́:
Ó léwu, màmá. Eruku á wọlé, dísẹ́ẹ̀lì á máa ta sára ibi tó gbóná. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jùyẹn lọ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sítiárìn á le gan-an, bíréèkì náà kò ní pẹ́ tán. Kí ọmọ yẹn má gun òkìtì kankan títí ẹ ó fi tún un ṣe. Tó bá kú, kó fà bíréèkì ìdúró, kó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, kó fi òkúta dí táyà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lókè, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọlọ́mọ ni.

Mẹkáníìkì dísẹ́ẹ̀lì, Ọ̀yọ́:
Ọ̀gá sọ òótọ́. Màmá, ẹ fọ ihò ìdérí yẹn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí kò bá là, ẹ ra irú rẹ̀ tó ní ihò. Ẹ má fi ọ̀rá dí ẹnu táǹkì. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìsàlẹ̀ táǹkì kí omi àti ẹrẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ fítà, ẹ fi ọwọ́ pọ́ǹpù atẹ́gùn inú ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì jáde kí ẹ tó sítáàtì. Dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú, ẹ má da ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú táǹkì. Tẹ́ ẹ bá ń kún táǹkì nírọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀, omi tó ń ti ara ìrì wá á dín kù.

Tó bá tún kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi rọ́bà funfun tí a lè rí inú rẹ̀ síbi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń wọ pọ́ǹpù. Tó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ń wọ ibì kan, ẹ yẹ rọ́bà àti kílíìpù wò. Àmọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì bá ń wọlé gbọn-in láìhó, tí rewáyà sì ti ní iná pé, ẹ tú pọ́ǹpù nígbà náà, kí ẹ gbé e lọ.