Kí ni òjìji náà bò? Èsì lórí "ìṣíjibò ìràwọ̀"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé nígbà tí àpáta kan tó ń yí oòrùn po láti ọ̀nà jíjìn bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, kí á máa pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní "ìṣíjibò ìràwọ̀". Wọ́n fi kún un pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá àwọn jiyàn. Àgbà ni wọ́n, mo sì fi fìlà gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà kọ̀, kò jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí.

Bí a bá ní ìrókò ṣíji bo ọjà, ọjà ló wà lábẹ́ ìbòòji. Ohun tí òjìji bọ́ sí lórí ni àbọ̀ "ṣíji bò", kì í ṣe ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. (Èyí tí ẹ̀gbọ́n sì kọ ní ìlà kejì, "òjijì", ọ̀rọ̀ mìíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójijì náà ni nǹkan ọ̀hún máa ń ṣẹlẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2017 yẹ̀ wò. Ní agbègbè Chubut, ní gúúsù Ajẹntínà, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí Marc Buie ṣáájú fún to awò-awọ̀nàjíjìn 24 sí àyíká ìlú Comodoro Rivadavia. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi dí i kó má baà máa mi awò, wọ́n sì ti ọ̀nà márosẹ̀ pa kí iná mọ́tò má baà bá wọn jà. Àpáta tí wọ́n ń ṣọ́ kò gùn ju bí kìlómítà 36 lọ, ó sì jìnnà sí wa tó bílíọ̀nù kìlómítà 6.5, òun ni a mọ̀ sí Arrokoth lónìí. Awò márùn-ún péré ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà já mọ́ lójú, kò sì ju bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ tó fi padà. Nítorí pé ìràwọ̀ jìnnà réré, ìtànṣán rẹ̀ ń bọ̀ ní ọgbọọgba, òjìji àpáta náà sì ń fẹ̀ tó àpáta náà gan-an. Iye àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi já lójú awò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọn ìbú rẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi fura pé ó lè jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra. New Horizons, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí gbalasa òfuurufú, kọjá lẹ́bàá àpáta náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2019, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ibo wá ni òjìji náà bò? Chubut ni. Ìràwọ̀ náà kò mọ̀ pé ohunkóhun kọjá. Nígbà tí wọ́n tún kó awò lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ipa òjìji ni wọ́n ń lé lórí ilẹ̀. "Ìṣíjibò" lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí a bá fẹ́.

Èyí tó wù mí ni "ìbojú ìràwọ̀", gẹ́gẹ́ bí ìkùukùu ti ń bo ojú òṣùpá. Àbúrò wa kan ti sọ ohun tó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ ní "ìbòjú", ìyàwó tuntun ló sì ni ìyẹn. Àwọn àgbà tó fún wa ní "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni" máa ń gbójú sókè dáadáa, òṣùpá a sì máa bo Àgùàlà fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. N kò lè gbà pé ẹni tó bá rí i nínú wọn yóò ní òṣùpá ṣíji bo ajá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yóò bi mí pé, bí "bò" bá ti sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù nínú "ìborí" àti "ìbora", kí ló dé tó fi dì í mú nínú "ìbòjú"? Ẹni tó bá ní àlàyé rẹ̀ kó mú un wá, ká lè mọ̀ bóyá àmì ohùn nìkan tó láti ya ọ̀rọ̀ tèmi sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ ìyàwó.