“Pààrọ̀ ìlànà” ni, kì í ṣe “yí òfin padà”

Gbólóhùn tó dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ kò gùn: “Ní 1987, Martin Offiah yí òfin rọ́gíbì padà.” Àbúrò wa ní Bódìjà ló túmọ̀ “switched codes” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ fún ètò eré ìdárayá lórí rédíò; ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀lété ní kò sóhun tó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, nǹkan ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ ọ n'Íbàdàn yóò rò pé Offiah fagi lé òfin kan ni, ó sì fi òmíràn rọ́pò. Agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì ni Offiah, eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá. Ẹgbẹ́ Rosslyn Park ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń gbá rugby union, ló fi sílẹ̀, tó lọ sí ẹgbẹ́ Widnes ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń gbá oríṣi rọ́gíbì kejì, rugby league. Kò fọwọ́ kan òfin kankan.

Ẹni tó bọ́ agbádá tó wọ dàńṣíkí, ó pààrọ̀ aṣọ. Ọmọ tí wọ́n mú kúrò níléèwé kan lọ sí òmíràn, ó pààrọ̀ iléèwé. Bí a bá ní ó yí iléèwé padà, iléèwé ọ̀hún la ń sọ pé kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. “Pààrọ̀” ni ká mú.

Pààrọ̀ kí ni? “Pààrọ̀ ẹgbẹ́” kò tó. Ní 1992, Wigan san 440,000 pọ́n-ùn fún Widnes kí wọ́n tó rí Offiah gbà. Ẹgbẹ́ ló pààrọ̀ nígbà yẹn, eré kan náà ló ń gbá. “Kóòdù” yóò mú kí èèyàn ronú nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sórí fóònù. “Ìlànà” ló kó òfin, iye èèyàn àti ìṣirò ayò pọ̀.

Orúkọ ìlànà méjèèjì ló le jù. Ẹ̀gbọ́n dá “ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún” àti “ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá” lábàá. Òótọ́ ni: àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá tó ya kúrò ní 1895 nítorí owó iṣẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń pàdánù, àwọn ló dín èèyàn 15 kù sí 13 ní 1906. Ṣùgbọ́n rọ́gíbì ẹlẹ́ni-méje tó wọ Òlíńpíìkì ní 2016, òfin ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń tẹ̀ lé. Iye èèyàn nìkan kò lè dá wọn mọ̀.

Ibi tí èèyàn bá ṣubú ni ká wò. Nínú ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tí wọ́n dì mú lulẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀, tẹgbẹ́ méjèèjì á sì máa jàdù rẹ̀. Nínú ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá, bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tirẹ̀: yóò dìde, yóò gbé e kalẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀, nígbà tí àwọn alátakò ti sún sẹ́yìn ní mítà 10. Bí wọ́n bá di ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù mú lẹ́ẹ̀kẹfà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ta á sókè lẹ́yìn ìkarùn-ún. Nítorí náà mo dá “rọ́gíbì ìjàdù” àti “rọ́gíbì ìdìmú-mẹ́fà” lábàá. Mo gbà pé 1972 ni iye náà di mẹ́fà. Bí ìtàn bá ṣáájú ìyẹn, ẹ lo ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá ti ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tí kò bá dárúkọ ìlànà yóò ṣi ayò kà. Tíráì ni kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò; 10 irú rẹ̀ ni Offiah gbé kalẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Leeds ní 1992. Àmì mẹ́rin-mẹ́rin ni nínú ìdìmú-mẹ́fà, àpapọ̀ 40. Àmì márùn-ún ni tíráì nínú ìjàdù lónìí, olùtúmọ̀ tó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí á kọ 50.

Àwọn kan fẹ́ “sá lọ”, torí títí di 1995 ìjàdù kò gba ẹni tó bá ti lọ gbowó níbòmíràn padà. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù Jason Robinson kúrò ní Wigan lọ sí Sale, ẹgbẹ́ ìjàdù, ní 2000 láìsí èèwọ̀ kankan, ó sì bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Ife Àgbáyé ní 2003. Òun náà pààrọ̀ ìlànà, kò sá.

Bí gbólóhùn àbúrò wa ṣe yẹ kó kà rèé: “Ní 1987, Martin Offiah pààrọ̀ ìlànà: ó fi rọ́gíbì ìjàdù sílẹ̀ ní Rosslyn Park, ó bọ́ sí ìdìmú-mẹ́fà ní Widnes.”