Owó orí Amẹ́ríkà tó yẹ kí wọ́n dá padà: báwo ló ṣe máa dé Abuja?

Ẹ̀yin ará Abuja, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan tó ti padà sí Gwarinpa kò tíì fi fọ́ọ̀mù owó orí ọdún 2023 ránṣẹ́ sí IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà. Àpótí kejì lórí W-2 rẹ̀ (ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ owó oṣù àti owó orí tí wọ́n yọ) fi hàn pé $3,400 ni wọ́n yọ lówó oṣù rẹ̀; owó orí rẹ̀ gan-an ò ju $2,100 lọ.

Ti ìtanràn kọ́ là ń sọ. Orí gbèsè ni wọ́n ti ń ṣírò ìyẹn, kò sì jẹ wọ́n. Àkókò ló ń lọ: ọdún 3 péré ni wọ́n fún un láti gba owó náà padà, yóò sì parí ní April 15, 2027. Ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, $1,300 tí wọ́n yọ lé di ti ìjọba.

Àkáǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti di títì. Báńkì wo ni kó kọ sórí 1040, fọ́ọ̀mù owó orí náà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí ṣẹ́ẹ̀kì wọn gbà níbí láìpẹ́ yìí?