Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, irú dóòmù wo ló yẹ ilé ìjọba àtijọ́?

Ẹ kúulé o. Akẹ́kọ̀ọ́ àkìtẹ́kì ni mí n'Oklahoma níbí, tíṣà wa ní ká ya dóòmù tuntun, òrùlé rìbìtì bíi ti mọ́ṣáláṣí yẹn, fún Capitol, ilé ìjọba àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yìí, ká ṣe bíi pé kò tíì ní. 1917 ni wọ́n parí ilé ọ̀hún, dóòmù wà nínú plánù àmọ́ owó ò gbé e, ló bá wà láìdéfìlà títí di 2002 (ọdún 85!) kí wọ́n tó wá fi irin àti kọnkéré ṣe é, tí wọ́n gbé ère jagunjagun ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan sí ṣóńṣó ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ya ti gíláàsì, irú èyí tí àkìtẹ́kì Norman Foster fi sórí Reichstag, ilé aṣòfin Jámánì, ní Berlin ní 1999, téèyàn ń rìn yípo gòkè nínú ẹ̀, tí díńgí àárín ẹ̀ ń da ìmọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn aṣòfin nísàlẹ̀. Tíṣà wò ó, ó ní fìlà onífìlà ni. Ó dùn mí o. Mo tún ya òmíì bíi ti Capitol tó wà ní Washington, wọ́n ní mo kàn ṣe kọ́pì ni.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí dóòmù tuntun jọ ilé tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni àbí kó hàn gbangba pé àfikún ni? Ẹ má bínú pé ó gùn, mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.