Ẹ̀yin kóòṣì, kí ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ tiyín?

Kóòṣì Abẹ́ Máńgòrò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléèwé girama kan n'Íbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ọdún kẹrin rèé. Ọmọ méjìlélógún, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ọ̀kan ń jò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi pẹnáritì já wa nínú ìdíje. N kò tíì kó bọ́ọ̀lù sápò tán tí alága àwọn òbí fi dé iwájú mi: "Kóòṣì, ife dà?" Kò béèrè pé ọmọ tó gbá èyí tó kẹ́yìn sókè yẹn, ẹsẹ̀ lásán ló gbé wá bá mi, èmi ni mo ra bàtà òkìríkà fún un ní Dùgbẹ̀. Owó mi ńkọ́? Oṣù méjì rèé. Ṣé ife nìkan ni wọ́n fi ń mọ kóòṣì ni?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi. Ṣé ẹ rántí Shaibu Amodu? Òun ló mú Super Eagles yege fún ife àgbáyé 2002. Wọ́n ṣe ipò kẹta nínú ife Áfíríkà ní Mali lọ́dún yẹn, ni wọ́n bá lé e; bàbá wa Adégbóyè Ọnígbìndé ló kó ikọ̀ lọ sí Japan. Amodu padà wá, ó tún mú wọn yege fún ife àgbáyé 2010, ó tún ṣe ipò kẹta nínú ife Áfíríkà ní Angola. Wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Lars Lagerbäck, ará Sweden. Ẹ̀ẹ̀mejì ló roko, ẹ̀ẹ̀mejì lẹlòmíì kó iṣu.

Ìyá Gólì:
Ká má purọ́, ẹni tó bá pè é ní ìdíje, ife ló ń wá. Ṣùgbọ́n ife gan-an kì í gba kóòṣì sílẹ̀. Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles, gba ti Áfíríkà lọ́dún 2013. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbọ́ pé ó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ padà. Kóòṣì, ẹ dákun, ta ló ní kí ọmọ yẹn gbá pẹnáritì? Ṣé ẹ ti ń fi kọ́ra tẹ́lẹ̀?

Kóòṣì Abẹ́ Máńgòrò:
A ń fi kọ́ra ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mà. Àwọn àgbà inú wọn ń wolẹ̀, òun ló nawọ́. Ó ti wá bá mi láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé òun ṣì lè gbá a nígbà mìíì. Mo ní kó lọ di okùn bàtà rẹ̀.