Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìwádìí: wọ́n ti gbà mí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè ìdí tí wọn kò fi gbà mí fún ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ máàkì mi dára. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbà mí.

Nínú ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n dín ìbéèrè ìwádìí mi kù. Tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ omi mímu lápapọ̀. Mo wá sọ ọ́ di ẹyọ kan: ọjọ́ mélòó ni chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, fi ń ṣiṣẹ́ nínú omi tí a tọ́jú sínú ike? Mo kọ ohun tí màá ṣe lóṣooṣù, àti ọ̀nà mìíràn tí màá gbà bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò dúró lé. Máàkì kàn gbé mi dé iwájú wọn ni.

Ẹni tó ní kí n fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀ka mi ní àbá ìwádìí mi kà, ẹ ṣeun gidigidi. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kò yé e rárá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo tún un kọ, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló mọ iṣẹ́ wa.

Ti lẹ́tà ìjẹ́rìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ parí ni mo fi àbá ìwádìí ránṣẹ́ sí olùkọ́ méjì tó máa kọ ọ́. Ọ̀kan sọ iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ní pàtó, èkejì kàn ní mo jẹ́ ọmọlúàbí.

Ó ku ìwé àṣẹ láti gba omi lọ́wọ́ àwọn onílé. Kò tíì jáde, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.